Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Lẹ́tà

Kóòtù ọrùn ara rẹ̀ ló bọ́, tó fi bo àpò ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ wá dúró gbọnin sínú òjò. Bí Ọmọ́ṣọlá ṣe kọ́kọ́ rí Àjàní Akínladé nìyẹn, ní Erúwà, lọ́dún 1972, lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan wá pín irúgbìn àgbàdo tuntun fún àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá.

Akọ̀ròyìn ni Ọmọ́ṣọlá. Àjàní náà ti ṣe é rí, kó tó di alukoro ilé-iṣẹ́ náà.

"Ṣé ìwé lòtútù máa mú ni, àbí ẹ̀yin?" ni Ọmọ́ṣọlá bi í.

"Ara tèmi á gbẹ. Bí ìwé yìí bá rin, kí lẹ fẹ́ kọ lọ́la?"

Ẹ̀rín pa Ọmọ́ṣọlá. Kí iṣu tuntun tó jáde, ìfẹ́ wọn ti kúrò ní ohun tó ṣeé fi pamọ́.

Àgbàdo ọ̀hún kò hù. Ilé-iṣẹ́ ní kí Àjàní kọ̀wé sáwọn ìwé ìròyìn pé ọ̀lẹ ni àwọn àgbẹ̀, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín. Ó kọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe alukoro, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Òun tó ti fi ìbéèrè jẹun rí, kò bi àgbẹ̀ kan ṣoṣo léèrè.

Bàbá Ọmọ́ṣọlá gbin tirẹ̀ ní Igangan lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tí Àjàní lọ fojú hàn án, baba bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, Àjàní kò sì purọ́, ó ní òun lòun kọ ìwé tó pe àwọn àgbẹ̀ lọ́lẹ.

"Ìwọ lo pè mí ní ọ̀lẹ lójú ayé," ni baba wí jẹ́jẹ́. "Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mi ò ní lè fún ọ lọ́mọ."

Ọmọ́ṣọlá sunkún títí ọkọ̀ fi dé Igbó-Ọrà. Ó fẹ́ràn Àjàní dénú, kò sì ní bàbá méjì.

"Àjàní mi, ẹnu tó bú bàbá mi, ṣé òun ni n ó máa gbọ́ nílé títí ayé?"

 Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àjàní fi lọ láti oko dé oko, láti Ayétẹ̀ dé Igangan, tó ń bi olúkúlùkù lọ́jọ́ tó gbìn. Lẹ́yìn náà ló kọ lẹ́tà mìíràn sí ìwé ìròyìn tí Ọmọ́ṣọlá ń bá ṣiṣẹ́: irúgbìn ló ti bàjẹ́, àwọn àgbẹ̀ kò ṣẹ̀. Ọ̀gá Ọmọ́ṣọlá gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́ pé kó tún un wò. Ọmọ́ṣọlá mọ̀ pé bó bá ti jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àjàní nìyẹn. Ó lọ bá a.

"Ṣé kí n yọ orúkọ rẹ kúrò?"

"Fi í síbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Irọ́ yẹn ni kò lórúkọ."

Ọjọ́ tí lẹ́tà jáde ni wọ́n lé e. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà ní Igangan. Baba kò mọ̀wé kà, Ọmọ́ṣọlá ló kà á fún un, baba sì ní kó tún un kà. Ó wá yíjú sí Àjàní tó dọ̀bálẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?"

"Mi ò níṣẹ́, Bàbá."

Baba fọwọ́ kàn án léjìká. "Dìde. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o fọwọ́ ara rẹ kó o. Lọ pe àwọn èèyàn rẹ wá."

Ó ní kí ọmọ òun fi ibi tí orúkọ náà wà han òun. Omijé ń bọ́ lójú Ọmọ́ṣọlá bó ti di ìka baba rẹ̀ mú, tó gbé e lé orúkọ tí òun náà yóò máa jẹ́.