Iṣẹ́ Àna Nínú Oko Ẹ̀wà

Orí ìkúnlẹ̀ ni Odile ti kọ́kọ́ rí i. Odò ni Odile ti ń bọ̀, igbá omi wà lórí rẹ̀, bó ṣe dé ẹsẹ̀ òkè níbi tí oko ẹ̀wà bàbá rẹ̀ wà ní Kèrè, abúlé wọn, àfi ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sáàárín ẹ̀wà, tó tẹjú mọ́ ewé bí ẹni ń wo ojú ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé nǹkan yín sọnù ni?"

"Rárá o. Wá wò ó. Rọra, má jẹ́ kí òjìji rẹ bò ó."

Kòkòrò pupa kékeré kan ló wà lórí ewé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, ó ní àmì dúdú lára. Ó ń jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú tó máa ń bo ọ̀mùnú ẹ̀wà, tí wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu.

"Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ nìyí," ni ọkùnrin náà wí. "Àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni ọ̀tá. Tẹ́ ẹ bá fọ́n oògùn, àtọ̀rẹ́ àtọ̀tá lẹ máa pa."

Odile bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rẹ́ yìí pa.

Éloi lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Kétu ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kútọnù ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò inú oko. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Benoît, bàbá Odile.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wá sóko yín títí di ìgbà ìkórè. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ wo àwọn kòkòrò ibẹ̀ ni. Ẹ kàn bá mi fi igun kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ má fọ́n oògùn síbẹ̀."

Bàbá Benoît wò ó títí. Ó wo Odile. Ó tún padà wò ó.

"Ó dáa," ló wí, ó sì ní kí wọ́n bu omi fún un mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ní ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ yín kì í kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́. Á wá àwáwí kan wọ oko bàbá ọmọ, á máa ṣiṣẹ́ láìgba nǹkan, bàbá á máa wò ó láti òkèèrè. Bí ìkórè bá dé, bàbá á bi í pé ìgbà wo làwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀. Iṣẹ́ àna nìyẹn. Gbogbo Kèrè ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ Kútọnù nìkan ni kò mọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọkàn Odile ti dàrú. Éloi á dé láàárọ̀, á fi àwọ̀n gbá orí ewé, á kó kòkòrò sínú ìgò. Bó bá rí koríko, á fà á tu. Bí Odile bá gbé oúnjẹ dé, á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Odile, ọwọ́ rẹ mà dùn o." Inú Odile á dùn ṣìnkìn. Kó tó mí, Éloi á ti yíjú padà sí ewé ẹ̀wà.

"Tantí, kò mà tíì sọ nǹkan kan," ni Odile wí fún Josiane, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin.

"Kí ló tún fẹ́ sọ? Ẹni tí oòrùn ń yan bí ẹja lóko bàbá rẹ! Àbí kòkòrò ló fẹ́ gbé níyàwó?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Tantí."

Tantí Josiane rẹ́rìn-ín títí gèlè fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí rẹ̀.

Òjò ká Éloi àti Odile mọ́ oko lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n sá sábẹ́ àpáta. Éloi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Odile, tí mo bá padà sí Kútọnù, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

"Ṣé nítorí kòkòrò ni?"

"Mi ò tilẹ̀ mọ̀ mọ́."

Òjò dá, wọ́n bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ náà kò yé Odile, ìfẹ́ Éloi sì ti wọ̀ ọ́ lára tán.

Ìkórè dé. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá Benoît pe Éloi jókòó níwájú gbogbo ilé.

"Éloi, o ṣiṣẹ́, ojú mi rí i. Ìgbà wo làwọn ènìyàn rẹ ń bọ̀?"

"Ènìyàn wo, Bàbá? Àwọn ọ̀gá mi? Wọn ò lè wá o, èmi nìkan ni wọ́n rán."

Tantí Josiane fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lo wá wá nínú oko mi?"

"Kòkòrò ni, Bàbá. Mo ṣáà sọ fún yín."

Odile dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Éloi ń wo ojú kan dé òmíràn, ó ń tọrọ àforíjì, kò sì mọ ohun tó ṣe.

"Máa lọ," ni Bàbá Benoît wí. "Kòkòrò tó o kó ti tó."

Lọ́jọ́ kejì, Éloi gun ọ̀kadà dé Paouignan lójú títì, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnù. Ó ń pe fóònù Odile, Odile kò gbé e. Kí ni yóò sọ? Ṣé ọkùnrin náà tàn án ni, àbí òun ló tan ara òun? Kò mọ ẹni tí yóò bínú sí.

Nígbà tí wọ́n tún gbin ẹ̀wà, bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó dé igun ọjọ́sí tí Éloi tọrọ. Odile dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ má fọ́n síbẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá Benoît mí kanlẹ̀, ó yà kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀wà náà ti ń yọ òdòdó ní àárọ̀ tí Odile gbọ́ ìró ọkọ́ lóko. Ó sáré lọ. Éloi ló bá, òun àti Landry, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá a wá láti Kútọnù, wọ́n ń kọ ebè iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà, òógùn bò wọ́n. Bàbá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi, ó wọ agbádá. Bàbá Benoît náà dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Kí lo tún wá wá? Kòkòrò?"

Éloi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. "Rárá, Bàbá. Tantí ló gbé fóònù Odile lọ́jọ́ kan, wọ́n bú mi títí, wọ́n wá ṣàlàyé iṣẹ́ àna fún mi. Mo mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀wà àtèyí tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, mi ò mọ ohun tí èmi alára ń ṣe lóko yín. Odile ni mo wá wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jókòó sábẹ́ igi yẹn, láti Kétu ni wọ́n ti wá."

Bàbá Benoît wo àwọn ebè náà. Òmíràn tóbi bí àpáta, òmíràn kéré bí orí adìyẹ.

"Ebè yìí ò dáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wàá tún un kọ."

"Màá tún un kọ, Bàbá."

Bàbá Benoît yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Odile, kí lò ń wò? Lọ bu omi fún àwọn àna mi."

Nígbà tí Odile gbé omi dé, Éloi ti wà ní igun ọjọ́sí. Kòkòrò pupa kún orí ewé.

"Ta ló ní kí wọ́n má fọ́n oògùn síbí?"

"Kò sẹ́nì kan."

"Odile. Olólùfẹ́ mi."

"Mu omi rẹ," ni Odile wí. "Kó o padà sídìí ebè. Bàbá ń wò ọ́."