Ta Ni Yóò Pe Orúkọ Mi?

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti gbọ́ nípa ẹ̀yà mẹ́wàá Ísírẹ́lì tí ọba Ásíríà kó lẹ́rú, tí wọn kò padà sílé mọ́? Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn náà ni Pelatáyà. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń pọ̀n ni nígbà tí wọ́n kó wọn dé Gósánì, létí odò Hábórì.

Nígbà tó dàgbà, àwọn èèyàn rẹ̀ ń tì í lójú. Ó sọ ara rẹ̀ ní Ṣamaṣinasiri, kí wọ́n lè rò pé olùsin òrìṣà oòrùn ìlú náà ni. Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi jẹ olórí àwọn tó ń la ipa omi sí oko, ó sì ń na àwọn ará rẹ̀ lẹ́gba bí wọ́n bá sinmi lọ́jọ́ ìsinmi. Áà, ìgbéraga!

Ó fẹ́ ọmọ ìlú náà, wọn kò bímọ. Obìnrin náà kú, wọ́n sì sin ín sábẹ́ ilẹ̀ ilé. Oṣooṣù ni Pelatáyà ń da ọtí bálì sílẹ̀, tó ń pe orúkọ rẹ̀. Òkú tí ẹnikẹ́ni kò bá pè, wọ́n ní òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́ káàkiri ni.

Lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ẹ̀rù bà á. Ta ni yóò pe òun? Ó sáré lọ bá àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kú, ẹ bá mi máa pe orúkọ mi."

Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ wo? Èyí tí bàbá yín sọ yín, àbí èyí tí ẹ jí lọ́wọ́ wa? Ẹ̀yin àjèjì yìí! Ẹ lọ bá àwọn èèyàn yín."

Èèyàn wo? Ó dá wà lọ́jà, ó dá wà nílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó ń fi aṣọ bojú kọjá ní àdúgbò àwọn ìgbèkùn, ni ẹnì kan bá ké:

"Pelatáyà!"

Ó dúró gbagidi. Ìyá Yẹdídà ni, arúgbó tí òun fúnra rẹ̀ ti nà rí.

"Màmá, ẹ ṣì mọ orúkọ mi?"

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yìn mi lo sùn láti Samáríà dé ìhín, kí ni mi ò ní mọ̀? Ṣùgbọ́n èmi ti darúgbó, mo máa kú. Olúwa tó o kọ̀yìn sí kì í kú. Ó mọ orúkọ rẹ kí n tó mọ̀ ọ́n. Kò béèrè ọtí lọ́wọ́ rẹ, ó ní kó o padà wá ni."

Pelatáyà wólẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa, mo ti ṣẹ̀. Ṣé O ṣì fẹ́ mi?"

Ìyá Yẹdídà fà á wọlé, ó sì bu búrẹ́dì fún un láàárín àwọn tó ti nà.

Ibo ni àwọn ọmọ ẹ̀yà náà wọlé sí nígbẹ̀yìn? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Jésù Olúwa wá, Ó ní àgùntàn ilé Ísírẹ́lì tó sọnù ni a rán Òun sí. Kò sí èyí tó sọnù mọ́ Ọn lójú. Ó kú fún wọn, Ó kú fún ìwọ náà.

Ìwọ tó o wà láàárín èrò, síbẹ̀ tó o dá wà, Ó ń pe orúkọ rẹ. Má bojú kọjá. Dá A lóhùn lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.