Òjìji Ìyá Jẹ̀mílátù

"Sọ fún obìnrin yẹn kó kúrò níbẹ̀ kí o tó ya fọ́tò!"

Ọ̀gá Akínpẹ̀lú ló pariwo bẹ́ẹ̀, òun ni alábòójútó gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n kọ́ sí Ìkẹ́rẹ́. Gbọ̀ngàn náà kò jọ ilé tí ojú rí rí. Kò ní igun, kò ní òpó, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín títí dókè. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló rán akẹ́kọ̀ọ́ wá ya fọ́tò inú rẹ̀. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá gbégbá orókè yóò gba kámẹ́rà. Háà, kámẹ́rà yẹn wu Jẹ̀mílátù, ọ̀kan nínú wọn, jọjọ! Fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ló ń lò.

Kí ọ̀gá tó pariwo, Jẹ̀mílátù ti ya fọ́tò náà. Obìnrin tó kúnlẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn, tó ń fi àkísà nu ilẹ̀, ìyá rẹ̀ ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í.

"Fọ́tò yìí á gbégbá orókè o," ni Dárasími ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n bá ọ pa ìyá agbálẹ̀ yìí rẹ́. Ìṣẹ́jú kan báyìí ni."

Jẹ̀mílátù gbé fóònù fún un. Dárasími fi ìka ra ojú fóònù, obìnrin náà pòórá. Ṣùgbọ́n Jẹ̀mílátù wo fọ́tò náà dáadáa. Òjìji ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ tó ń dán, ó ṣì di àkísà mú. Ta ló jẹ́ kí ilẹ̀ náà dán tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń jáde nílé lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni wọ́n ń pa rẹ́ yìí!

"Dá a padà," ó ní.

"Kí ni kí n dá padà?"

"Obìnrin yẹn. Ìyá mi ni."

Dárasími fọwọ́ kan ojú fóònù, obìnrin náà padà. Ọ̀gá Akínpẹ̀lú sún mọ́ wọn. "Ilé la fẹ́ rí, a ò fẹ́ rí òṣìṣẹ́. Tó o bá fi obìnrin yìí sílẹ̀ nínú fọ́tò, mo máa yọ orúkọ rẹ."

"Ẹ yọ ọ́, sà." Jẹ̀mílátù kò bojú wolẹ̀. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mi ò ní pa ìyá mi rẹ́ nítorí kámẹ́rà."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ Emùré kan ló gba kámẹ́rà. Jẹ̀mílátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, ó tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde gbàgàdà, ó gbé e sáyà, ó dúró sẹ́nu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ní kó kúrò.

"Ìta gbangba ni mo wà, sà."

"Ta ni obìnrin yìí?" ni àwọn àlejò ń bi í.

"Ìyá mi ni! Òun ló jẹ́ kí ẹ rí ojú yín nínú ilẹ̀ yẹn."

Ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé búùtà lọ ṣe àlùwàlá ló ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo fọ́tò náà. Ó kọ́kọ́ fi ìró nu ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án.

"Inú ulé wa la ó gbé e kọ́ sí," ó fi ẹ̀ka èdè Ìkẹ́rẹ́ wí, omijé lójú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀bùn tó bá ní kí ẹ sẹ́ ẹni tó bí yín, ẹ jẹ́ kó lọ. Kámẹ́rà á tún wà. Ìyá, ẹyọ kan ni.