Ẹni Tó Ṣi Ilé Àna Rẹ̀ Mọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Démiládé wọ ṣọ́ọ̀bù Kòfowórọlá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, nílùú Ṣàgámù, níbi tí Kòfo ti ń tẹ̀wé, tó sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe fọ́tókọ́pì sátífíkéètì rẹ̀, ó mú ẹ̀dà lọ, ó gbàgbé ojúlówó sínú ẹ̀rọ. Ó padà wá mú un, ó fi awò ojú sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó padà wá mú awò, ó gbàgbé fìlà.

Kòfo gbé fìlà náà dání, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Brọ̀dá, tó bá jẹ́ èmi lẹ ń wá, ẹ kúkú sọ ọ́."

"Rárá o, mo kàn gbàgbé ni." Ó gba fìlà rẹ̀. "Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe wá sọ ọ́ yìí, kí lorúkọ yín?"

Ẹ̀rín pa Kòfo. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Démiládé ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Olùkọ́ ìṣirò ni tẹ́lẹ̀, kí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe báyìí.

"Oògùn ti lé ìbànújẹ́ náà lọ, olólùfẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ ṣe ń lọ, ó kó díẹ̀ nínú làákàyè mi dání. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo lásán ni mò ń gbọ́."

"Kò burú, adé orí mi," ni Kòfo wí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà yé òun. Kò tíì yé e.

Ìyá Kòfo, Màmá Olúsànyà, jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́nnẹ́. Ó ní kí ọmọkùnrin náà wá fojú han òun lọ́jọ́ Sátidé. Kòfo pè é lórí fóònù láti júwe ilé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń pariwo, oníbàárà méjì sì ń jà sí ìlà.

"Yà sọ́tùn-ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ilé onígéètì dúdú o, èyí tó tẹ̀ lé e ni, má pẹ́ o, ra burẹ́dì, má wọ aṣọ pupa, kí Mọ́mì kó o tó jókòó!"

Nínú gbogbo rẹ̀, "géètì dúdú" nìkan ló dúró sí Démiládé lórí.

Bàbá Akínyọdé ló ni ilé onígéètì dúdú, ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò tíì lọ́kọ ló sì wà nílé rẹ̀. Démiládé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá."

Bàbá ò bèèrè èwo nínú wọn. "Dìde, ọmọ mi! Ẹ gbé oúnjẹ wá o!"

Démiládé ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ dé ìdajì abọ́ kó tó bèèrè pé, "Kòfo wá ńkọ́, sà?"

"Kòfo wo?"

Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ Màmá Olúsànyà, epo wà létí ẹnu rẹ̀. Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí fẹ́ǹsì.

"Ẹni tí ò mọ ilé àna rẹ̀! Lọ́jọ́ tó bá lọ mú ọmọ níléèwé, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò mú wálé. Kòfo, mi ò fẹ́."

Ó dun Kòfo náà. "Bó o bá fẹ́ràn mi lóòótọ́, ṣebí wàá rántí ilé wa," ló sọ fún un. Démiládé dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Àárò rẹ̀ sọ Kòfo, ó wá a lọ, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó ń lọ gba oògùn.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àrífín," ni Nọ́ọ̀sì Ṣùkúrátù ṣàlàyé. "Àìsàn yìí máa ń da ìrántí rú, ó máa ń mú kí ìrònú falẹ̀. Ìbànújẹ́ lè lọ kí èyí ṣì kù, ṣùgbọ́n ó lè sàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Báwo lẹ tiẹ̀ ṣe júwe ilé fún un?"

Kòfo tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì wò ó títí.

"Àǹtí, èmi gan-an ì bá wọ ilé onígéètì dúdú."

Kòfo àti Démiládé lọ bá Màmá. Kòfo ṣàlàyé, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀bi tirẹ̀. Màmá yanu láti jágbe, ó tún pa á dé.

"Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì rí," ló wí. "Ìyá rẹ̀ kú. Ohun tí mo bá kọ́ ọ láàárọ̀, á ti fò lọ lọ́sàn-án. Mo nà án. Mo pè é ní olódo lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀." Ó fi etí ìró nu ojú. "Démiládé, jókòó. Kí àwọn èèyàn rẹ wá lóṣù tó ń bọ̀."

Démiládé yọ ìwé àti bíírò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́."

"Kọ ọ́ dáadáa. Màá pè é bí àpèkọ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Àlùfáà ka ẹ̀jẹ́ náà gbọọrọ láìmí, kí ọkọ tún un sọ. Démiládé sọ orúkọ ara rẹ̀, ìyókù fò lọ lórí rẹ̀. Bàbá Akínyọdé na ọrùn wò, bí ẹni pé àyè ṣì lè ṣí sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Màmá Olúsànyà dìde fùú. "Ẹ dákun, Àlùfáà, ẹ gé e kéékèèké fún ọmọ mi!"

Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Àlùfáà gé e, Démiládé sì sọ ọ́ délẹ̀, kò fo ẹyọ kan.

Ó kan Kòfo. Ayọ̀ ti gba gbogbo orí rẹ̀, kò rántí ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Démiládé fà á mọ́ra, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í pè é sí i létí, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan.