Ìtànṣán Kan Lókè Ilẹ̀kùn

"Ìtànṣán yòókù dà?"

Ọláṣùpọ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró sójú títì ní Yábàá, ó na lẹ́ẹ̀dì tó fi ń yàwòrán sókè ilẹ̀kùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Oòrùn onígi ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ó là bí abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán kan ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Bàbá Àkàngbé, onílé, ń ka ìwé ìròyìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kan ti fèrèsé onígi síta lókè, ó fi igi gbé e ró. Ojú ọmọbìnrin kan yọ. Wọ́n ti di apá kan irun rẹ̀, apá kejì ṣì tú sílẹ̀ bí òjò tó ṣú. Ọláṣùpọ̀ gbàgbé ohun tó ń wọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé lẹ fẹ́ rà ni?"

"Yíyà ni mo fẹ́ yà á. Àwọn tó rán mi ò fẹ́ kí ilé àtijọ́ àdúgbò yìí pa rẹ́."

"Ẹ má ya irun mi o!"

Àrínọlá lorúkọ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ ọdún náà, Ọláṣùpọ̀ ya òpó, ó ya ọnà ara ògiri, àmọ́ fèrèsé yẹn ló ń padà sí.

"Ṣé fèrèsé wa nìkan lẹ rí?"

"Òun ló ṣòroó yà jù, olólùfẹ́. Kì í dúró jẹ́ẹ́."

Nígbà tí Ọláṣùpọ̀ wá tọrọ Àrínọlá láti fi ṣe aya, Bàbá bọ́ awò ojú.

"Bàbá mi ló gbẹ́ oòrùn yẹn. Abẹ́ rẹ̀ lọmọbìnrin ilé wa ń gba àdúrà kó tó lọ ilé ọkọ. Ọdún tí a kun ilé ni ẹyọ kan já bọ́, a ò rí i mọ́. Ọmọ mi ò ní gba àdúrà lábẹ́ oòrùn tó káyín."

"Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ òmíràn, sà."

"Ṣé ìwọ ni bàbá mi?"

Àrínọlá sáré gòkè lọ, ó ń sunkún.

Ọláṣùpọ̀ tẹ́ àwọn àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú gbogbo wọn, igi kan gbé fèrèsé ró: ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ tín-ín-rín. Ọwọ́ Ọláṣùpọ̀ ló ń yà á. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọge.

Ó bọ́ síta, ó gbójú sókè.

"Àrínọlá mi, ti fèrèsé yẹn."

"Ṣé mo ti sú yín ni?"

"Mú igi tó gbé e ró wá!"

Fèrèsé pa dé lókè. Ilẹ̀kùn ṣí nísàlẹ̀. Bàbá gba igi náà, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ọnà rẹ̀, ó nà án sí àyè tó ṣófo lára oòrùn, ó bá a mu.

"Ọmọ mi," ó ní, "bọ́ sábẹ́ oòrùn ká wò ọ́."