Aṣọ Ìnura Gbádégẹṣin

Àárọ̀ Sátidé kan ni Gbádégẹṣin yọ lójú pópó Ṣàngótẹ̀dó, ó gbé aṣọ ìnura kan dání bí ẹni tó gbé pákó. Aṣọ náà ò ká, kò tẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì lè mì í. Funfun báláú ni, ó dúró gbagidi lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń lọ pọnmi sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ṣèyílọ́lá, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún èèyàn, wà nídìí báàfù ìfọṣọ níwájú ilé wọn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìfófò ọṣẹ. Bó ṣe gbójú sókè ló rí ọkùnrin náà. Ó ga, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ sì tutù bí omi inú àmù. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni ò fara rọ. Ó sú wínniwínni, ó pọ́n bí ẹni tí ìjàlọ jẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ta ló fọ aṣọ tí mo rán ọmọ gbé wá síbí yìí?"

"Èmi ni, sà. Ṣé kò mọ́ ni?"

"Ó mọ́. Mo kàn fi nu ọrùn ni, ó dà bí ẹni pé ewé ìpín ni mo fi nu ún."

Ṣèyí gba aṣọ náà, ó fìka kàn án, ó dún gbà-gbà-gbà. Ó ní òun ò ní rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fi sítáàṣì sí i ni."

"Sítáàṣì? Sí aṣọ ìnura?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé yìí, sà."

Òótọ́ ló sọ. Ìyá rẹ̀, Rẹ̀míláyọ̀, tí gbogbo ìjọ aláṣọ funfun àdúgbò náà ń pè ní Màmá Àdúrà, òun ló ń fọ sùtánà fún tọmọdé tàgbà ìjọ. Sítáàṣì sí sùtánà, sítáàṣì sí fìlà, sítáàṣì sí aṣọ ibùsùn. Ó ní aṣọ tí kò bá dún, kò tíì mọ́. Bó bá ń fọ̀ ọ́, á máa kọrin:

Fọ̀ ọ́ mọ́, sá a gbẹ,
Kó le bí igi, kó funfun bí ẹfun,
Ẹni tó wọ̀ ọ́ á dúró ṣinṣin.

Ọmọ Ìkirè ni Gbádé, ilé rírẹ́ niṣẹ́ rẹ̀. Lakowe ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé olówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù. Láti kékeré lara rẹ̀ ti gbẹgẹ́ bíi tọmọ ìkókó, sìmẹ́ńtì sì tún wá dá kún un. Nọ́ọ̀sì kan ní Ajah ti sọ fún un pé ohun tó ń sú sí i lọ́rùn kì í ràn, pé kó ṣáà sá fún ohunkóhun tó bá ń ha ara àti ohun tó ń ta sánsán.

"Ẹ bá mi tún un fọ̀," ó ní, "kó rọ̀."

"Ẹ padà wá. Á rọ̀."

Ó padà wá. Ó tún padà wá. Nígbà tó yá, aṣọ tí kò dọ̀tí rárá ló ń kó bọ̀.

"Bọ̀dá Gbádé, aṣọ yìí mọ́."

"Kò mọ́ tó."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti pẹ́ tó ti rí ẹ."

Ṣèyí wọ́n omi sí i lára, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí ẹ̀rín òun.

Àmọ́ aṣọ ìnura ò tíì rọ̀. Ṣèyí yọ sítáàṣì kúrò, ó ṣì le. Ó da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí i lọ́pọ̀, ọrùn Gbádé tún sú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tó fi omi mìíràn ṣàn án ló rí i tí ọṣẹ àná ń hó jáde lára rẹ̀. Àṣé ọṣẹ tí kò bọ́ kúrò lára aṣọ ló ń jẹ ọmọ èèyàn lára. Omi ẹ̀rọ tiwọn náà ò ran ọ̀ràn lọ́wọ́, ó níyọ̀ nínú, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Ṣèyí jẹ́ kí òjò fọ òrùlé ná, kó tó gbé dúróòmù síbi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ọṣẹ tí kò lóòórùn, ìwọ̀nba bíńtín, ló fi fọ aṣọ náà nínú omi òjò. Ó ṣàn án títí omi fi mọ́ kedere. Ó gbọ̀n ọ́n pàá-pàá kó tó sá a síbòòji igi àgbọn, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn gbígbóná tó ń yan aṣọ bí ẹja. Kò fi irin gbígbóná kàn án. Nígbà tó gbẹ, ó tún gbọ̀n ọ́n, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ìyẹ́ òròmọdìẹ gan-an ni.

Lọ́jọ́ kejì, Gbádé dé. "Ṣèyí, mo nura lónìí, mi ò mọ̀ pé mo nura. Má pè mí ní bọ̀dá mọ́, jọ̀ọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

"Ohun tó bá wà lọ́kàn ẹ."

"Ó dáa, Olówó Orí mi," ni Ṣèyí wí, ojú sì tì í.

Báyìí ni Gbádé ṣe wá rí Màmá Àdúrà láti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Ṣèyí. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, sìmẹ́ńtì lára, òógùn lára. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa. Àfi bí ọrùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó pa á mọ́ra títí, ó pa á mọ́ra tì, ó họ ọ́.

Bó ṣe lọ tán ni Màmá Àdúrà wo ọmọ rẹ̀. "Mi ò ní fọmọ fún ẹni tó ń họra bí ewúrẹ́."

"Màmá, nọ́ọ̀sì ní kì í ràn."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa bá ọ gbé e? Ya aṣọ rẹ̀ sọ́tọ̀, kó má lọ ran àwọn ọmọ Ọlọ́run. Bí Ìkórè ìjọ bá dé tí ara rẹ̀ ò jọ̀lọ̀, kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn."

Nígbà tí Gbádé gbọ́, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. "Ara mi á sàn, á sì tún máa sú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Mi ò lè ṣèlérí ara mìíràn fún wọn."

"Ta ló ní kí o pààrọ̀ ara?" Ṣèyí ní. "Èyí gan-an ni mo fẹ́. Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́yìn sí ìyá mi." Omi lé ròrò sí i lójú, Gbádé sì fi etí aṣọ ìnura nù ún fún un.

Ìkórè ń sún mọ́lé. Sùtánà kún gbogbo okùn bí ẹyẹ lékeléke. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣèyí jáde, kò rí aṣọ ìnura Gbádé níbi tó sá a sí lọ́tọ̀. Ó wá a títí. Ó bi Waliyat, aládùúgbò wọn, léèrè.

"Olè wo ló máa fi odidi sùtánà sílẹ̀, tó máa gbé táwẹ̀lì?" Waliyat ní. "Lọ wo inú ilé yín."

Ṣèyí gba ẹ̀yìnkùlé. Ó gbóhùn orin jẹ́jẹ́. Màmá Àdúrà ló jókòó sórí àpótí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ó dijú, ó fi aṣọ ìnura Gbádé wé ọrùn bí ẹni gbé ọmọ tuntun mọ́ra. Ó ń kọrin:

Ó rọ̀, ó rọ̀, ó rọ̀ bí òwú,
Ara tó ti ń ta mí, ó sùn lọ.

"Màmá."

Ìyá fò dìde, aṣọ bọ́. Ọrùn rẹ̀ sú wínniwínni, gẹ́gẹ́ bíi ti Gbádé.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Ó ti pẹ́. Ọrùn sùtánà ló ń ha mí. Mo ní ooru ni. Ìyá àdúrà kì í họra lójú ìjọ." Ó gbé aṣọ náà nílẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni lánàá. Ọwọ́ mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀."

"Aṣọ Gbádé ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ó lè ràn."

Màmá Àdúrà wo aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó mì í títí ó fi jókòó padà. "Ẹni tí mo ń fi aṣọ rẹ̀ nura ní kọ̀rọ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ ọ́ ní gbangba? Ní kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ìkirè. Kó má wulẹ̀ dúró de Ìkórè."

Wọ́n wá, wọ́n tọrọ, wọ́n rí gbà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, láìwọ bàtà, lórí iyanrìn tó tutù, Ṣèyí di aya Gbádé. Sùtánà Màmá Àdúrà rọ̀ wọ̀ọ̀ sí i lára, kò dún rárá.

"Màmá, ṣé sítáàṣì tán ni?" obìnrin ìjọ kan bi í.

"Sítáàṣì ò tán. Sùúrù ọrùn mi ló tán."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tọkọtaya náà wà lẹ́yìnkùlé wọn. Gbádé di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ṣèyí, ṣé wàá máa fọ aṣọ ìnura mi títí a ó fi darúgbó?"

"Rárá o."

Ó wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ìwọ ni wàá máa fọ tèmi, èmi á máa fọ tìrẹ. Wá jókòó, kí n kọ́ ọ."

Gbádé ká apá aṣọ sókè, ó jókòó nídìí báàfù, ó bu ọṣẹ kún ọwọ́. Ṣèyí di ọwọ́ náà mú, ó da èyí tó pọ̀ jù padà sínú abọ́.

"Díẹ̀, ọkọ mi," ó ní. "Díẹ̀ ti tó wa."