Ìràwọ̀ Tí Kò Dúró Nínú Awò

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo yíjú wo ẹ̀yìn mi. Òkùnkùn bo orí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ́ńjìnnì kékeré abẹ́ awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ nìkan ló ń kùn. Mo tún fojú sí awò náà. Ìràwọ̀ tí mo gbé sáàárín gbùngbùn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti tún yọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé, bí ẹni pé ọwọ́ kan ń rọra tì í. Mo rò pé iwin ni.

Kí n má parọ́, mi ò ṣe ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ní kí n ṣe. "Kánjúkánjú," bó ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, "kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí o wo inú ọ̀pá tó ń yí awò yìí. Bí o ò bá tíì rí ìràwọ̀ àríwá níbẹ̀, má tan ẹ́ńjìnnì. Ayé ń yí, ẹ́ńjìnnì sì ń yí awò kó lè máa tẹ̀ lé ìràwọ̀. Tí ọ̀pá yìí ò bá kọjú sí àríwá gan-an, ìràwọ̀ á máa sá fún ọ ni."

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ àríwá ti lọ sílẹ̀ jù, tánkì omi sì dí i. Kí n tún wá gbé irin wúwo tí awò dúró lé kiri, kí n fi orúnkún gún sìmẹ́ńtì? Ọjọ́ méjì péré ló kù kí a fi àwòrán ìràwọ̀ ránṣẹ́ sí ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Mo fojú díwọ̀n àríwá, mo tan ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí olùkọ́ gòkè wá, ìlà funfun lásán ló bá níbi tó yẹ kí ìràwọ̀ wà nínú àwòrán tí mo fi awò yà. Ó ní ṣé mo wo ìràwọ̀ àríwá.

"Mo wò ó, sà. Ẹnì kan ló ń fọwọ́ kan awò."

Bàbá Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ òrùlé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lanu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá arúgbó náà, ó ní kó máa lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti olùkọ́ nìkan la gòkè. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Awò ṣì wà níbi tí mo gbé e sí. Ó gbé ìràwọ̀ sáàárín, a sì fara ti ògiri lókèèrè. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Nígbà tí a padà wò ó, ìràwọ̀ ti lọ. A tún un ṣe, ó tún lọ.

"Ọwọ́ èèyàn á mì ín," olùkọ́ rọra sọ. "Eléyìí ò mì. Apá kan náà ló ń yọ́ lọ ṣáá. Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ lo wo ìràwọ̀ àríwá?"

Ẹ̀rù iwin ti kúrò lára mi, ojú bàbá yẹn ló kù. "Rárá, sà. Mo parọ́ mọ́ bàbá."

Wọ́n yọ mí nínú ìdíje. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ọlọ́dẹ nínú yàrá rẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà, kò sì ní ibi tó ń lọ.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá gbé awò gòkè, á ṣílẹ̀kùn fún wa, á wá lọ dúró ní ìkángun òrùlé, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí n lè rí i pé kò fọwọ́ kan awò. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá sá fún iṣẹ́, ẹ jẹ́wọ́. Bí ẹ bá fi irọ́ bò ó, orí aláìṣẹ̀ ni ẹrù yín máa já lé.